Ọ̀dá àti Oúnjẹ Ìpamọ́ Inú Igi Páìnì: Ìtọ́sọ́nà fún Onílé àti Olóko

A kọ ìwé yìí fún àwọn tí igi páìnì wà lórí ilẹ̀ wọn ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀dá ti máa ń jà léraléra. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti ra ilé ní agbègbè Houston àti Atlanta, tí wọ́n sì bá páìnì gíga nínú àgbàlá. Ní ọdún 2011, òjò kọ̀, kò rọ̀ ní Texas, ooru sì mú kọjá ààlà. Àwọn elétò igbó ìpínlẹ̀ náà ṣírò pé igi bíi mílíọ̀nù 301 ló kú nínú igbó àti oko, láìka nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.6 tó kú láàárín ìlú. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ewé páìnì bá pọ́n kọ́ ni ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tó fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ ti lè máa tán lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó.

Bí igi ṣe ń pèsè oúnjẹ tó sì ń fi pamọ́

Ewé páìnì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì ní àwọn ihò kéékèèké lára. Inú ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Ewé a fi agbára oòrùn pa afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ mọ́ omi, yóò sì sọ ọ́ di ṣúgà. Ara ṣúgà yìí ni igi ń ná lójoojúmọ́: òun ló fi ń mí, òun ló fi ń yọ ewé tuntun, òun ló fi ń na gbòǹgbò, òun náà ló sì fi ń ṣe oje tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń sọ di sítáàṣì, irú èyí tó wà nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́ gan-an, tí yóò sì kó o pamọ́ sínú ewé, sínú èèpo inú, sínú igi funfun tó wà lábẹ́ èèpo, àti sínú gbòǹgbò.

Iṣẹ́ ṣúgà àti sítáàṣì kò dọ́gba. Ṣúgà ń yòrò nínú omi, nítorí náà ó ń bọ́ igi, ó sì tún ń bá a di omi mú kí ara rẹ̀ má baà gbẹ. Sítáàṣì kì í yòrò. Ìpamọ́ lásán ni, títí igi yóò fi tún sọ ọ́ di ṣúgà nígbà àìní. Ní ìgbà òtútù, igi páìnì a máa yí sítáàṣì padà sí ṣúgà kí òtútù má baà ba inú rẹ̀ jẹ́. Kí ọ̀mùnú tuntun tó yọ ní ìgbà ìrúwé, ewé àtijọ́ a tún kún fún sítáàṣì, yóò sì dínkù bí ọ̀mùnú náà ṣe ń gùn sí i. Ẹni tó ti gbin iṣu rí mọ̀ pé èbù a máa rọ nínú ebè bí èéhù ṣe ń ga. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èéhù ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni páìnì ṣe ń ná ìpamọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, yóò dá a padà kí òtútù tó tún dé.

Ohun tí ọ̀dá ń ṣe

Nígbà tí ilẹ̀ bá kọ́kọ́ gbẹ, ìdàgbàsókè ni igi ń dá dúró ṣáájú, ewé sì ń bá ìpèsè oúnjẹ lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Nítorí pé oúnjẹ ń wọlé, tí ìnáwó sì ti dínkù, ìpamọ́ igi lè pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dá. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé igi wọn kò mọ ọ̀dá lára.

Bí gbígbẹ náà bá pẹ́, igi yóò ti ihò ara ewé rẹ̀ pa kí omi má baà jáde mọ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì ń gbà wọlé, nítorí náà ìpèsè ṣúgà yóò dúró, ṣùgbọ́n igi kò lè ṣàìmí. Yóò wá máa jẹ sítáàṣì rẹ̀. Ó tún ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà láti fi di ìwọ̀nba omi tó kù mú, ṣúgà yẹn kò sì ṣeé ná tán láìjẹ́ pé ara igi gbẹ. Gbòǹgbò ni ìyà yìí ń jẹ jù. Gbòǹgbò kì í pèsè oúnjẹ fún ara rẹ̀. Láti orí igi ni a ti ń fi ṣúgà ránṣẹ́ sí i nínú iṣan tó wà ní èèpo inú, omi ló sì ń gbé ṣúgà náà rìn. Nígbà tí omi bá wọ́n, ìrìn yìí a falẹ̀, ebi a sì máa pa gbòǹgbò nígbà tí oúnjẹ díẹ̀ ṣì wà lókè. Gbòǹgbò tí ebi pa kò lè wá omi kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni omi gan-an ni igi nílò.

Oje náà a dínkù. Oje ni páìnì fi ń lé kòkòrò tó ń gbẹ́ abẹ́ èèpo jáde, kì í sì í ṣeé ṣe láìsí ṣúgà. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nígbà ọ̀dá ọdún 2002 sí 2003, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ya bo páìnì piñon, débi pé ní ibùdó ìwádìí kan ní àríwá New Mexico, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó kú. Igi júnípà tó wà láàárín wọn kò kú tó bẹ́ẹ̀. Piñon a máa tètè ti ihò ewé rẹ̀ pa, ó sì ń gbé orí ìpamọ́ rẹ̀. Júnípà a máa jẹ́ kí tirẹ̀ wà ní ṣíṣí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iṣan omi rẹ̀ lè fara da gbígbẹ ju ti piñon lọ.

Ooru ń mú kí ìpamọ́ tètè tán, nítorí pé bí ooru bá ṣe ń mú ni igi ṣe ń mí kíákíá. Nínú ilé dígí Biosphere 2 ní Arizona, àwọn onímọ̀ dá omi dúró fún àwọn piñon kan. Àwọn tí wọ́n fi sínú ooru tó fi nǹkan bíi ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (Celsius) ju ti àwọn yòókù lọ ló ṣáájú kú. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ni ọ̀dá fi ń pa igi. Àyẹ̀wò kan tí a tẹ̀ jáde ní 2017, tó kó oríṣi igi 26 pọ̀, fi hàn pé iṣan omi tó dí mọ́ afẹ́fẹ́ wà nínú ikú gbogbo wọn, àìtó ìpamọ́ sì wọ́pọ̀ nínú ẹbí páìnì ju nínú àwọn igi ewé gbígbòòrò lọ. Àwọn méjèèjì ni omi tí a bá fún igi lásìkò ń dènà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ bomi rin igi kí ewé tó yí àwọ̀ padà. Ìdí igi kọ́ ni kí ẹ da omi sí. Etí ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ dé àti ìta rẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò amómi wà. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa kán díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tutù dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún igi tó ti dàgbà. Wíwọ́n omi díẹ̀ lójoojúmọ́ kò dára, nítorí pé òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù. Bí ìjọba ìlú yín bá fi òté lé omi, ẹ jẹ́ kí koríko gbẹ kí igi lè mu, nítorí pé koríko ṣeé tún gbìn láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ fi èèpo igi tàbí ewé páìnì gbígbẹ bo ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi.

Ẹ má ṣe fún un ní ajílẹ̀ nígbà ọ̀dá. Ajílẹ̀ ń rọ igi láti yọ ewé tuntun, ìyẹn sì ń gba ìpamọ́ tí kò ní. Gígé ẹ̀ka tútù burú bákan náà, nítorí pé ewé tó ń pèsè oúnjẹ àti sítáàṣì tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ ń gé dànù, òórùn oje tútù sì ń pe kòkòrò. Ẹ̀ka tó ti gbẹ ṣeé gé. Ní oko tí páìnì ti fún pọ̀ jù, ẹ dín wọn kù kí ọ̀dá tó dé, kí omi lè tó èyí tó kù.

Igi kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn, nítorí pé ìpamọ́ rẹ̀ kéré, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Ìmọ̀ràn yìí kan àwọn tó ń gbin páìnì Pinus caribaea ní Nàìjíríà pẹ̀lú: ọ̀dọ́ igi tí a kò bomi rin ní ọ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ kì í sábà rí èkejì.

Olóko tó bá fẹ́ wo ìpamọ́ igi lè gé gbòǹgbò tín-ín-rín kan ní ìparí ìgbà òtútù, kí ó kán áyódíìnì sí ojú ibi tó gé. Bí ó bá dúdú bí aró, sítáàṣì wà níbẹ̀; bí kò bá yí padà, igi náà ti jẹ ìpamọ́ rẹ̀. Ìdánwò yìí kò sọ iye tó wà nínú rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ fi wé gbòǹgbò páìnì mìíràn tí ara rẹ̀ le.

Nígbà tí òjò bá padà dé, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Ní Pfynwald ní Switzerland, níbi tí a ti ń bomi rin igbó páìnì láti ọdún 2003, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí orí àwọn igi náà tó kún dáadáa. Ẹ máa bomi rin igi yín nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ fún ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn ọ̀dá, kí ẹ sì máa yẹ èèpo rẹ̀ wò fún ìyẹ̀fùn igi pupa tí kòkòrò ń gbẹ́ jáde. Kí ewé inú tó ti gbó máa rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé kò burú. Ṣùgbọ́n bí gbogbo orí igi bá pọ́n, omi kò lè jí i mọ́, kùkùté ọ̀pọ̀ jù lọ páìnì kì í sì í tún hù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gé e kó tó wó lu ilé, kí ẹ sì kó igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà jìnnà sí àwọn páìnì tó ṣì wà láàyè, nítorí inú rẹ̀ ni kòkòrò ń pọ̀ sí kó tó tún fò lọ bá òmíràn.