Bí mo ṣe tẹ̀ lé Àńtí tó ń fi òrí ra àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní Ìlọrin

Mo ti máa ń gbọ́ pé àwọn kan ń lọ tọ́jú ẹni tí àìsàn ẹ̀ ò gbóògùn mọ́ kí ìrora má bàa pọ̀ jù, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń bá wọn ra, àfi ìgbà tí wọ́n gbà kí n tẹ̀ lé ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni Àńtí yìí kí wọ́n tó lọ kọ́ másáàjì.

Inú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ lọ sí Pàkátà ni wọ́n ti ń kọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé òun fi másáàjì wo jẹjẹrẹ, irọ́ ló ń pa, oògùn dókítà ni à ń bá rìn, a ò gba ipò ẹ̀. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ Cicely Saunders, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, pé ó kọ́ àwọn dókítà pé ìrora ẹni tó ń lọ ò mọ sí ara nìkan, ó ń bẹ lọ́kàn, ó ń bẹ láàárín ẹbí, ó dé ọ̀dọ̀ òun àti Ọlọ́run ẹ̀. Mo gbọ́, àmọ́ ilé Alájà, aláìsàn tá a kọ́kọ́ lọ bá, ló ti yé mi.

A fọ ọwọ́, mo bọ́ òrùka. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má fín lọ́fíńdà torí òórùn máa ń rìn àwọn aláìsàn. Àńtí wá ń kí Alájà, ṣé wọ́n sùn, kí ni wọ́n jẹ, ṣé wọ́n yàgbẹ́, mo rò pé kíkí lásán ni, àṣé mọ́fíìn olómi, oògùn ìrora tí wọ́n ń mu, máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Àńtí wá ní, "Alájà, ṣé kí n fọwọ́ kàn yín lónìí?" Alájà ní kó jẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀kan ń dùn àwọn. Àńtí wò ó, ó wú ju èkejì lọ, ó sì gbóná. Wọn ò fọwọ́ rà á rárá, dókítà ni wọ́n pè, torí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan, béèyàn bá sì ń wọ́ ọ, ó lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwa tá a máa ń fi àbóníkí ra gbogbo ibi tó bá wú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra.

Ọwọ́ ló wá kù. Àńtí fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹ̀, wọ́n yọ́ òrí díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wá ń rà á láti ẹ̀yìn ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń fi páúdà pa ọmọ tuntun lára, wọ́n fo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún. Laálì ti ń ṣá léèékánná Alájà. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́: "Gbèsè kan ń bẹ lọ́rùn mi." Owó aṣọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ọ́jà Ọba ni, wọn ò fẹ́ gbé e délẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Gbogbo ìbéèrè dókítà, wọn ò sọ ọ́. Ọmọ wọn obìnrin kọ orúkọ olówó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ yẹn ò tíì fọwọ́ kan ìyá ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ń bà á. Jẹjẹrẹ kì í ràn o! Àńtí kọ́ ọ, ó sì ṣe ọwọ́ kejì fúnra ẹ̀, lójú tèmi ìyẹn gan-an niṣẹ́.

Bàbá tá a lọ bá ní Gáà Akánbí ní àwọn ò fẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan àwọn. Àńtí ò bá wọn jà. Ọwọ́ tèmi ni wọ́n ń rà, ọmọ bàbá ọkùnrin wá ń wò ó ṣe lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, bàbá ní kó tún ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ṣe, ibẹ̀ yẹn gan-an ló ń ro àwọn.