Bí a ṣe ń dènà àṣìṣe nínú bíìlì aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà

Ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú ló là mí lójú sí iṣẹ́ yìí. Ìdí káṣíà ni mo jókòó sí nígbà náà, nílé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Abẹ́òkúta. Ibà ló gbé màmá wá. Mo tẹ bíìlì jáde: ₦57,600, oògùn ibà nìkan. Màmá wo ìwé náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé oògùn ni mo rà ni, àbí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á?"

Kọ̀ǹpútà ò ṣì í kà o. Hóró 24 ló wà nínú páálí oògùn ibà náà, Artemether-Lumefantrine 20/120, ìyẹn ni àgbàlagbà máa ń lò tán: mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. ₦2,400 ni a ń ta páálí kan nígbà náà. Ẹni tó kọ owó sínú ẹ̀rọ ti kọ ₦2,400 sí ojú ibi tí owó hóró kan yẹ kó wà. Fámásì kọ 24 síbi iye tí wọ́n fún màmá. Ẹ̀rọ fi 24 sọ 2,400 di púpọ̀, bí a ṣe ní kó ṣe é.

Nítorí náà, ibi àtòkọ owó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ káṣíà. Ẹ pinnu fún ohun kọ̀ọ̀kan bóyá hóró, sáṣẹ́, ìgò tàbí páálí ni ẹ ó fi máa kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an: "Artemether-Lumefantrine 20/120, hóró kan". Ìbọ̀wọ́ náà ńkọ́? Ẹyọ méjì-méjì ni nọ́ọ̀sì ń lò ó, páálí ni ilé ìkẹ́rù ń rà. Bí ẹnì kan bá ti tẹ owó tuntun wọlé, kí ẹlòmíì kà á sókè láti orí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí káàdì ìdánwò kan, ẹ kọ ìwọ̀n oògùn tí aláìsàn kan máa lò tán sí i, kí ẹ wo àròpọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni, ì bá sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ọjọ́ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí oògùn kan ní orúkọ mẹ́ta. Mo ti rí ibi tí Paracetamol, PCM àti Panadol wà lórí àtòkọ kan náà, tí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ síra.

Orúkọ ló kàn, ọ̀rọ̀ tiwa nílẹ̀ Yorùbá sì le díẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé jọ wá, orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Táyé bọ́ sórí bíìlì Kẹ́hìndé. Ọjọ́ ìbí tí ẹ máa ń fi yanjú irú rẹ̀ ò ràn yín lọ́wọ́ níbí. Nọ́ńbà káàdì ni kí ẹ fi wá aláìsàn, kí ẹ tún bi í ní orúkọ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣe bi í pé "Ṣé ẹ̀yin ni Kẹ́hìndé?", torí ẹni tí ara ò yá á kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Bákan náà, Kehinde tí ẹnì kan kọ àti Kẹ́yìndé tí ẹlòmíì kọ lè di káàdì méjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá a dáadáa kí ẹ tó ṣí tuntun.

Ní láàbù, ìgbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ni kí owó wọlé, kì í ṣe ìgbà tí dókítà kọ ìwé. Àyẹ̀wò tí wọ́n fagi lé ṣì máa ń jókòó sórí bíìlì bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ má ṣe tún un tẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bá dá a padà. Ẹ ṣí bíìlì náà wò ná, ó lè ti wọlé. Ohun tí ẹ fọwọ́ kọ sínú ìwé nígbà òkùnkùn, ẹ fi àmì sí i bí ẹ bá ti ń gbé e wọnú ẹ̀rọ.

Owó bẹ́ẹ̀dì: ẹ pinnu ọ̀nà ìkà kan. Ẹni tó dé ní aago 11:40 alẹ́ Mọ́ńdè, tó lọ ní aago 9 àárọ̀ Wẹ́sídé, alẹ́ méjì ló sùn. Bí ẹ bá ń ka orúkọ ọjọ́, mẹ́ta ló máa di. Fún ẹni tó wà lábẹ́ NHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ẹ wo ìdá 10 nínú 100 owó oògùn tó jẹ́ tirẹ̀, kí káṣíà má lọ gba gbogbo rẹ̀.

Bí àṣìṣe bá wọlé ṣáá, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ òdì rẹ̀ sí i, ìyẹn iye kan náà pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, pẹ̀lú ìdí, kí ẹlòmíì tí kì í ṣe káṣíà fọwọ́ sí i. Kí aláìsàn tó san owó, ẹ fún un ní bíìlì tó to gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ nìkan ò tó, torí òun ló mọ iye abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára.

₦2,400 ni màmá aládìrẹ san fún oògùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ wọn ò dìde. Wọ́n ní kí n ka ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí bíìlì tuntun sókè fáwọn, mo sì kà á, títí dé orí owó káàdì.