Bí mo ṣe ka àríyànjiyàn ọdún 1866 lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí ìjọba má ka àwọn ọmọ kan tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, tàbí tí ìyá rẹ̀ wà lórí físà onígbà díẹ̀, bí bàbá ọmọ náà kò bá ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní gríìn káàdì. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston, àwọn tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ àti físà iṣẹ́ kò kéré, aboyún sì wà láàárín wọn. Èmi ni akọ̀wé, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ìbéèrè ń bọ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ tètè dá àṣẹ náà dúró, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ìyá kò balẹ̀, torí wọ́n ń gbọ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní àwọn tó ṣe òfin yìí láyé àtijọ́ kò ní irú ọmọ wa lọ́kàn. Mo bẹ alága wa pé kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ ka ohun tí àwọn aṣòfin náà sọ gan-an, kí n tó dúró níwájú ẹgbẹ́.

Gbólóhùn kan ni gbogbo ìjà náà dá lé, òun ló ṣíde Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà tàbí tó gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè náà, ọmọ ibẹ̀ ni. Ọdún 1868 ló di òfin, láti pa ìdájọ́ Dred Scott ti ọdún 1857 rẹ́, ìdájọ́ burúkú tó ní aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ibi “wà lábẹ́ àṣẹ” yẹn ni wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Kí n tó ṣí ìwé àtijọ́ kankan, mo kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń pè ní originalism. Àwọn tó dì í mú gbà pé ìtumọ̀ ìwé òfin kì í tẹ̀ lé ayé yí: ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ló ṣì jẹ́ lónìí, ẹni tó bá fẹ́ òmíràn, kó tún òfin ṣe. Paul Brest, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tó ń ta ko èrò náà, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1980. Ní 1985, Edwin Meese, olórí ètò ìdájọ́ lábẹ́ Ààrẹ Reagan, polongo rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Lọ́dún kan náà, Adájọ́ William Brennan ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fèsì pé ìgbéraga tó wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ni, torí ta ló lè jókòó síbí kó sọ pé òun mọ inú àwọn tó ti kú tipẹ́? Èsì yẹn wọlé gan-an. Antonin Scalia, tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ kan náà ní 1986, ní kí á fi inú aṣòfin sílẹ̀, kí á wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa yé ará ìlú ìgbà yẹn tó bá kà á. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, òun ló là mí lójú nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀.

Congressional Globe ni àkọsílẹ̀ ìjókòó Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nígbà náà. Ilé ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó wá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọkàndínlógójì, ìjókòó àkọ́kọ́, ojú ewé 2890. Òpó mẹ́ta ló wà lójú ewé kan, lẹ́tà rẹ̀ sì wẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, mo ń dà á kọ sínú ìwé bí mo ṣe ń kà á.

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1866 ni. Sẹ́nétọ̀ Jacob Howard láti Michigan ló gbé gbólóhùn náà kalẹ̀. Ó ní kò ní kan àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà “tí wọ́n jẹ́ àlejò, ará ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n wà nínú ìdílé àwọn aṣojú” ìjọba mìíràn, ṣùgbọ́n yóò kan gbogbo ẹ̀yà yòókù. Ṣé ẹ̀yà ènìyàn mẹ́ta ló kà sílẹ̀ níbẹ̀, àbí ẹyọ kan, ìyẹn àlejò tó jẹ́ ará ilé aṣojú? Àwọn tó wà lẹ́yìn àṣẹ Trump kà á sí mẹ́ta. Mo kà á sókè léraléra, bí ọkùnrin tó dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀. Kò sí “tàbí” kankan láàárín “àlejò,” “ará ilẹ̀ òkèèrè” àti ọ̀rọ̀ ìdílé aṣojú. Lójú tèmi, ẹ̀yà kan ló ń ṣàlàyé, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni.

N kò ní fi tèmi nìkan dá a lẹ́jọ́ o. Ohun tó tẹ̀ lé e ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn mi pátápátá. Edgar Cowan láti Pennsylvania, tí kò fẹ́ àtúnṣe náà rárá, bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ ará Ṣáínà ní California, àti ọmọ Gypsy, ẹ̀yà aṣíkiri kan, ní Pennsylvania, yóò di ọmọ Amẹ́ríkà. John Conness ti California, tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí Ireland, dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tí ará Ṣáínà bá bí ní California yóò di ọmọ orílẹ̀-èdè, òun sì fọwọ́ sí i. Ẹ rántí pé àwọn òbí yẹn kò lè gba ìwé ọmọ onílùú nígbà náà, torí òfin fi í mọ sọ́dọ̀ aláwọ̀ funfun. Ẹni tó ń ta ko òfin àti ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn jọ gbọ́ ọ lọ́nà kan náà.

Àwọn tó wà lẹ́yìn àṣẹ Trump náà ní ohun tí wọ́n dì mú, ó sì yẹ kí á sọ ọ́. Lójú ewé 2893, Lyman Trumbull, alága ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́, ní “lábẹ́ àṣẹ” túmọ̀ sí pé ẹni náà kò jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè ìtẹríba, ìyẹn pé kò sí ìjọba mìíràn tó gbọ́dọ̀ ṣe olóòótọ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà Índíà onílẹ̀, àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ló ń sọ lọ́wọ́. Irú èrò yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 1884 pé John Elk, tí wọ́n bí sínú ẹ̀yà Índíà, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ọdún 1924 ni òfin tó sọ gbogbo wọn di ọmọ onílùú tó dé. Ní 1898 ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ dá Wong Kim Ark láre, adájọ́ mẹ́fà sí méjì. San Francisco ni wọ́n bí i sí, ará Ṣáínà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn àṣẹ Trump tọ́ka sí i pé òbí rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, kì í ṣe àlejò onígbà díẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé originalist ni àwọn tó ń bára wọn fà á. Michael Ramsey, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, àti James Ho tó ti di adájọ́ báyìí, ní ìbí nìkan ti tó. John Eastman, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin rí, ní kò tó. Ní 2025, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Randy Barnett àti Ilan Wurman náà kọ ọ́ pé ìtẹríba ni pàṣípààrọ̀ fún ààbò ìjọba, nítorí náà ẹni tó rú òfin wọlé kò tíì wọ inú àdéhùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ “rú òfin wọlé” yìí ló gbé mi dé Alabama. Láti ọdún 1808 ni kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà ti di èèwọ̀. Síbẹ̀ ní 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó bí àádọ́fà ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis, wá láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin ti òní. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n tẹ Africatown dó, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ọ̀nà tó lòdì sí òfin ni òbí wọn gbà dé, síbẹ̀ n kò rí onímọ̀ kankan tó ní àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n lè fèsì pé ipá ni wọ́n fi kó wọn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí òbí gbà wọlé bá jẹ́ ohun tí gbólóhùn náà ń wò, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1866, n kò sì rí i kà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán nípàdé, bàbá kan nínú àwọn àgbà wa béèrè pé, “Akọ̀wé, bí gbogbo wọn bá ń wo ọdún 1866, kí ló dé tí wọn ò rí nǹkan kan náà?” Mo ní, “Bàbá, ibi tí kí wọ́n wò ni ìlànà yẹn sọ fún wọn, kò sọ ọ̀rọ̀ ta ni kí wọ́n gbà. Ẹni tó ń wá inú aṣòfin yóò di Trumbull mú. Ẹni tó ń wá bó ṣe yé ará ìlú yóò rántí òfin Gẹ̀ẹ́sì láti ẹjọ́ Calvin ti 1608, pé ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ ọba, ẹni abẹ́ ọba ni. Òfin yẹn ni àwọn èèyàn 1866 bá nílẹ̀, òun ni mo rò pé ó tẹ̀wọ̀n jù.” Mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe lórí àṣẹ Trump ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 dá lórí bí agbára àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ kéékèèké ṣe mọ, kò fọwọ́ kan ìtumọ̀ gbólóhùn náà. Lẹ́yìn náà ni mo pín ẹ̀dà ojú ewé 2890 sí 2893 fún wọn, mo sì gba àwọn ìyá tó ti bímọ níyànjú pé kí wọ́n tètè gba ìwé ìbí àti ìwé ìrìnnà ọmọ wọn, kí wọ́n sì tọ́jú wọn pa mọ́.