Bí ẹ ṣe lè fi laptop ṣírò trítíọ̀mù tí ríákítọ̀ fúṣọ̀n nílò

Trítíọ̀mù ni irú háídírójìn wúwo tí ríákítọ̀ fúṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń pa átọ́ọ̀mù kéékèèké pọ̀ láti mú agbára jáde, ń lò bí epo. Ọmọ Kábbà tàbí Ìsánlú tó gbọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, díẹ̀ lè ṣírò iye tó nílò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Bí iná bá lọ, bátìrì laptop á gbé e.

Ríákítọ̀ tó ń mú 1 GW (bílíọ̀nù wáàtì) agbára fúṣọ̀n jáde ń jó trítíọ̀mù g 153 lóòjọ́, ìyẹn g 6.4 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jóná kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, bí kò ṣe èyí tó há sínú ẹ̀rọ. Pákí tó wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì, tiyín ni, àmọ́ ẹ kò lè tẹ ẹ̀bà rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ pín gbogbo ibi tí trítíọ̀mù ń gbà kọjá sí àpótí mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni lítíọ̀mù tó yí gáàsì gbígbóná inú ríákítọ̀ ká, níbi tí trítíọ̀mù tuntun ti ń jáde: ẹ fún un ní wákàtí 24. Ìkejì ni pọ́ǹpù tó ń fa gáàsì tí kò jóná jáde: wákàtí 0.5. Ìkẹta ni ibi ìwẹ̀nùmọ́, níbi tí awọ palladium ti ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò, tí òtútù bíi −253°C sì ń ya trítíọ̀mù kúrò lára dùtéríọ̀mù, háídírójìn wúwo kejì tí wọ́n jọ ń jó: wákàtí 3.5. Ìkẹrin ni ibi ìpamọ́. Ẹ fi kg 10 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àpótí kìíní àti ìkejì ń tú sínú ìkẹta, ìkẹta sì ń tú sínú ìkẹrin. Àwọn wákàtí ìdúró wọ̀nyí, ìyẹn bí trítíọ̀mù ṣe ń pẹ́ tó nínú àpótí, àbá lásán ni. Ẹ lè yí wọn padà.

Fún àpótí mẹ́ta àkọ́kọ́: àyípadà ní wákàtí kan = ohun tó wọlé − (ohun tó wà nínú rẹ̀ ÷ wákàtí ìdúró) − 0.00000642 × ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn ni trítíọ̀mù tó ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀, torí pé ìdajì rẹ̀ ń lọ ní ọdún 12.3. Ibi ìpamọ́ náà ń pàdánù tirẹ̀, ẹ má gbàgbé; ohun tí a ń fún ríákítọ̀ nìkan ló tún ń jáde níbẹ̀.

Bí ìdá 2 péré nínú 100 bá ń jóná, g 320 ni ẹ máa fún ríákítọ̀ ní wákàtí kan, g 313 á sì padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù. Bí trítíọ̀mù tuntun bá jẹ́ 1.1 fún ẹyọ kan tó jóná, g 7 ló ń wọ àpótí àkọ́kọ́ ní wákàtí kan.

Ẹ má fi wákàtí kan ṣe ìgbésẹ̀ ìṣirò, ìyẹn àkókò tí ìṣirò ń fò lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ǹpù á kà 0, á kà 313, á tún kà 0, bẹ́ẹ̀ g 157 ló yẹ kó dúró sí. Ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gan-an sí àkókò ìdúró tó kúrú jù: ìṣẹ́jú 3 dára. Tàbí kí ẹ lo solve_ivp inú SciPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python, kí ẹ yan BDF, ọ̀nà tó ń yan ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ó bá ṣiṣẹ́, ibi ìpamọ́ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi kg 1.4, kó tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó dín níbẹ̀ yẹn ló kún inú ẹ̀rọ. Ẹ fi èyí tí ẹ nílò bí ibi ìwẹ̀nùmọ́ bá dákẹ́ kún un: wákàtí 6 jẹ́ kg 1.9. Àpapọ̀ wọn, kg 3.3, ni ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó tan ríákítọ̀. Ẹ wá sọ ìdá 2 yẹn di ìdá 1: ohun tó há sínú ẹ̀rọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, kg 2.7.

Kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́, ẹ ro gbogbo àpótí pọ̀ mọ́ èyí tó jóná àti èyí tó bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bá kg 10 àti trítíọ̀mù tuntun dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ wo ìwọ̀n àkókò yín: ó ṣeé ṣe kí g lóòjọ́ ti dà pọ̀ mọ́ g ní wákàtí.