Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tó ń ṣi àlejò lọ́nà n'Ílùú Ọba

Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá kọ́ ló ń kó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba síyọnu. Téèyàn ò bá gbọ́ ìyẹn, á béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tá a ti ń pè láti jẹ́léósinmi ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí a ti gbà pé a mọ̀ wọ́n.

Ká mú un látọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ pe surgery yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnì kankan ò fẹ́ là yín níkùn. Lóòótọ́, surgery ni iṣẹ́ abẹ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì dókítà àdúgbò tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ sí. Aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín náà ń ṣe surgery: àkókò tó fi ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú nìyẹn, kò mú ọ̀bẹ dání. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ gan-an, theatre lorúkọ ẹ̀, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ ṣeré níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní àyẹ̀wò yín negative, ẹ dúpẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọn ò rí. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, kì í gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn.

Níbi iṣẹ́, ẹni tó wà off sick ni àìsàn ò jẹ́ kó wá. Tí kò bá ju ọjọ́ 7 lọ, tòun ti òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jẹ́rìí ara yín fún ọ̀gá. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á béèrè ìwé. Sick note ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pe ìwé ọ̀hún, ṣùgbọ́n láti 2010, fit note ló ń jẹ́. Fit yẹn, ara líle ni. Àmọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan bá sọ fún obìnrin pé ó fit, ìlera kọ́ ló ń yẹ̀ wò o, ẹwà ló rí. Bákan náà, ẹni tó ní bàtà yín sick, ó ń yìn ín ni.

Èyí tí kò ṣe é fi ṣàwàdà ni redundant. Létí ẹni tí kò mọ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pèèyàn ní aláìwúlò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ yẹn gan-an ni kò sí mọ́, kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún 2 gbáko lọ́dọ̀ wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìdágbére lábẹ́ òfin. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé ìwé wá pé ẹ̀yin lẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Àwọn tó kù ò le. Half seven, aago méje ààbọ̀ ni, bí ẹni tó ti gbé Jámánì rí tiẹ̀ ń jiyàn pé mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ní àríwá England, ẹni tó pè yín wá jẹ tea lè máa se oúnjẹ alẹ́ dè yín. Pants ni pátá, kì í ṣe ṣòkòtò. Nǹkan tí kò dáa náà, pants ni. Ẹni tó bá sì kọjá lára yín tó ní "Alright?", kì í dúró gbọ́ ìròyìn ẹ̀yìn tó ń ro yín. Ẹ dá a lóhùn pé "Alright", kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.