Bẹ́ ẹ ṣe lè wá ìdílé yín dé ẹ̀yìn ní Òṣogbo: lẹ́tà àtijọ́, rìsíìtì owó orí àti ọ̀rọ̀ ìkànìyàn

Ẹ jẹ́ n ti orí èyí tó ń já èèyàn kulẹ̀ jù bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ wa ò lè sọ orúkọ bàbá tó bí bàbá yín àgbà fún yín. Lóòótọ́ wọ́n kànìyàn ní 1911, 1921, 1931, 1952, 1963, 1991 àti 2006, àmọ́ iye èèyàn lásán ni wọ́n tẹ̀ jáde, pé ọkùnrin ìlú báyìí tó báyìí, obìnrin tó báyìí, kò sí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀. Kódà ti 1931 yẹn, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ò ti dé ojúlé, inú ìwé owó orí ni wọ́n ti kó iye jọ. Nítorí náà ẹ má náwó mọ́tò torí ẹ̀. Ẹni tí bàbá ẹ̀ àgbà bá wà nílùú òyìnbó láyé ìgbà yẹn ló lè rí nǹkan mú, torí orúkọ wà nínú tiwọn: ti England ọdún 1921 ti wà fáráyé láti 2022, ti Amẹ́ríkà ọdún 1950 náà jáde ní 2022. Ti England 1931 ni kẹ́ ẹ má wulẹ̀ wá, iná ti jó o ní 1942.

Àwa ará Òṣogbo, lẹ́tà ni ká wá. Rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa ní 1907, bí àwọn bàbá wa ṣe tú jáde lọ ṣòwò nìyẹn, àwọn kan lọ Jọ́ọ̀sì, àwọn kan lọ Kánò, àwọn tí kò lóǹkà gba Gold Coast (Gánà òde òní) lọ, gbogbo wọn ló sì ń kọ lẹ́tà sílé torí owó, torí ìyàwó, torí ilé tí wọ́n ń kọ́. Lẹ́tà yẹn ò tíì sọnù o, ó wà nínú àpótí ìyá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí Òkè-Fìà, lábẹ́ aṣọ òfì àti ìwé ilẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ìdí àpótí, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ná, ẹ mú nǹkan dání lọ, ẹ má sì kọ́kọ́ yọ báírò. Oríkì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kì fún yín, kẹ́ ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo ni ogun ayé àtijọ́ lé wá láti ibòmíì, oríkì ló sì máa sọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá kì yín lọ́mọ Oníkòyí tàbí ọmọ Olófà, ẹ ti mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí. Àwọn obìnrin ni kẹ́ ẹ lọ bá jù, àwọn ọmọọ̀ṣú àti ìyàwó ilé tó ti pẹ́, ẹnu wọn jinlẹ̀ ju ti baálé lọ (èrò tèmi nìyẹn, kí baálé má bínú). Àwọn kan á máa wò yín pé ṣé ẹ fẹ́ pín ilé ni, ẹ fi sùúrù ṣe é. Ẹ má sì bèèrè ta ló wá bí ìwọ̀fà, ta ló wá bí ẹrú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á kàn dá ọ̀rọ̀ dúró ni.

Ó wá ku lẹ́tà. Èyí tí kò ní déètì ló pọ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti ya. Ẹ wo àdírẹ́sì. Tó bá jẹ́ Gold Coast ni wọ́n kọ, wọ́n ti kọ ọ́ kí Gánà tó gbòmìnira ní 1957 ni. Tó bá jẹ́ Western Region, kò lè kọjá 1967 púpọ̀, Western State ni wọ́n ń pè é láti ìgbà yẹn dé 1976, Oyo State dé 1991, kí Osun State tó wá dé. Ẹ wo owó tí wọ́n dárúkọ náà: tó bá jẹ́ pọ́n àti ṣílè ni wọ́n fi rán nǹkan láti Kánò, ṣáájú 1973 ni, torí ọdún yẹn ni nàírà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orí ta ló wà lórí sítáǹbù, ọba òyìnbó George Kẹfà kú ní 1952, Elizabeth ọmọ rẹ̀ ló gorí oyè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan yọ sítáǹbù kúrò lára ẹ̀nfílọ́ọ̀pù. Tí lẹ́tà Kùmásì bá dákẹ́ lójijì ní ìparí 1969, kì í ṣe pé ìjà dé o, oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní pépà kó ẹrù jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn sì padà wá sílé lọ́wọ́ òfo.

Níbi orúkọ, ẹ ṣọ́ra gidi gan-an. "Bàbá mi" inú lẹ́tà lè jẹ́ àbúrò bàbá, "ọmọ mi" lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ẹ má fà á sórí ìwé bí ẹ ṣe rí i. Tí wọ́n bá ní "ẹ bá mi kí Eyínafẹ́, ẹ kí Ìbàdíàrán", ẹ má wá a nínú ìwé ìjọba láyé, ìyàwó ilé ló fún ọmọ ọkọ lórúkọ yẹn torí kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìyá àgbà kan ṣoṣo ló lè sọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta, ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ bàbá, ìkejì ń jẹ́ ti bàbá àgbà, ẹ̀kẹta ti gba Salami tàbí Raji lọ́wọ́ alfa. Àti pé akọ̀wé lẹ́tà ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ sí i, bó ṣe gbọ́ orúkọ ló kọ ọ́. Tó bá jẹ́ háráfí Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ Yorùbá, alfa tó dàgbà ni kó kà á fún yín.

Rìsíìtì owó orí ṣe pàtàkì torí ó ní orúkọ, ọdún àti ìgbà míì orúkọ agboolé, àmọ́ ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀, torí náà ẹ máa rí àwọn ìyá wa nínú rẹ́jísítà ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìdílé àti ara sàréè tó wà nínú ọgbà ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé ìjọba, National Archives wà nínú UI ní Ìbàdàn, ẹ mú ID káàdì, ẹ bèèrè fáìlì Oshun Div àti Oyo Prof (Oshun Division àti Oyo Province láyé òyìnbó), "Oshogbo" ni kẹ́ ẹ sì fi wá a, torí bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ń kọ ọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti pẹ̀tísọ̀n oyè ni kẹ́ ẹ wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka ìran sílẹ̀, ẹ sì rántí pé ẹni tó fẹ́ gba oyè ló ń ka ìran yẹn, ó lè fi àwọn kan sílẹ̀.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Àgbà ò ní mọ ọdún, ẹ bi í ní ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣé wọ́n ti bí i nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú 1918, ṣé ó ti ń ta ọjà nígbà ogun Hítílà, ta ló wọ iléèwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955? Èyí tí ẹnu àgbà àti lẹ́tà bá ti pàdé ni kẹ́ ẹ fi báírò kọ, pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ìyókù, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ lẹ́tà, ẹ má sì láámínéètì ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀nfílọ́ọ̀pù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún ìyá tó ni àpótí lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ìyókù lẹ́tà ṣì wà nísàlẹ̀ tí wọn ò tíì fi hàn yín.