Kí ẹ tó yọ ilẹ̀kùn Jeep Wrangler nígbà ooru

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń wa Wrangler JL (ìran Wrangler ti ọdún 2018 wá síhìn-ín), ooru ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agídí yọ ilẹ̀kùn o.

Ẹ kọ́kọ́ yí gíláàsì wálẹ̀, torí bí wáyà bá ti yọ, kò sí iná tí yóò gbé e mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi T50 Torx (irinṣẹ́ tí orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀) tó bá ọkọ̀ wá tú bóòtù (bolt) ìńjìsì (hinge, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀) òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ọ̀dà lè ti lẹ̀ mọ́ bóòtù náà, kó má yí. Ẹ ti T50 wọlé dé òpin, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i. Bí ẹ bá fi máṣíìnì yí i, orí bóòtù lè bó.

Wáyà ilẹ̀kùn iwájú wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìdérí kékeré kan. Ẹ ṣí ìdè pupa rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ tú ohun tó ń dá ilẹ̀kùn dúró bí ẹ bá ṣí i, kí ènìyàn méjì wá gbé e sókè tààrà. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ha ọ̀dà.

Dígí ẹ̀gbẹ́ máa bá ilẹ̀kùn lọ, nítorí náà ẹ ra dígí mìíràn tó ń jókòó sórí ìńjìsì.

Ti òrùlé líle (hardtop), abala méjì iwájú rọrùn láti yọ. Ti ẹ̀yìn wúwo, ó lè gba ènìyàn mẹ́rin. Ẹ yọ wáyà àti rọ́bà omi ẹ̀yìn kí ẹ tó gbé e, kó má baà já.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ilẹ̀kùn padà, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí ìńjìsì. Ẹ má fún bóòtù jù.